Ríwáyà onímítà tó wá ìdí bùlówà Hilux àtijọ́ mi rí l'Òṣogbo

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò àtijọ́ l'Òṣogbo, pàápàá ẹ̀yin onípíkọ́ọ̀pù, tí AC yín ò bá fẹ́ atẹ́gùn mọ́, tàbí tó jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo ló kù tó ń ṣiṣẹ́ lára ṣúìṣì tẹ́ ẹ fi ń mú atẹ́gùn ẹ̀ le tàbí kó dẹ̀, ẹ má tíì ra mọ́tò bùlówà o, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí abẹ́bẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn nínú ọkọ̀, ẹ má sì tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ gáàsì sí i. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ríwáyà, oníṣẹ́ iná mọ́tò, kan tó wà ní Òkè-Baálẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò ní sáínbọ́ọ̀dù, àwọn píkọ́ọ̀pù àti kórópẹ̀ tó máa ń tò síwájú ẹ̀ lẹ máa fi mọ̀ ọ́n, tẹ́ ẹ bá sì béèrè ríwáyà onímítà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà àdúgbò, wọ́n á júwe ẹ̀. Mo fẹ́ sọ bí iṣẹ́ ẹ̀ ṣe rí, ibi tó dáa àti ibi tó kù sí, torí owó tó ti bá bùlówà yìí lọ kí n tó débẹ̀, ó dùn mí gan-an ni.

Hilux 1998 ni tèmi, ẹyin ni mo fi ń kó láti oko lápá Ìragbìjí wá sí Òṣogbo, nígbà míì dírẹ́bà ló ń wà á, nígbà míì èmi fúnra mi. Àwọn kan máa ń sọ pé kí lèèyàn fẹ́ fi hítà àti bùlówà ṣe ní Nàìjíríà, pé kéèyàn ṣáà yí gíláàsì sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì wa mọ́tò ní ọ̀nà Ìkìrun láàárọ̀ kùtù tí òjò ń rọ̀. Ẹ ò lè yí gíláàsì sílẹ̀ torí òjò á wọlé, tẹ́ ẹ bá sì tì í, èémí yín àti ti ẹni tó jókòó tì yín á bo wíńdísíkìrì, á funfun báláú, ẹ ó wá máa fi aṣọ nù ún pẹ̀lú ọwọ́ kan, tírélà ń bọ̀ níwájú. Atẹ́gùn bùlówà tó ń gba orí dáṣíbọ́ọ̀dù kọ lu gíláàsì ló máa ń jẹ́ kó mọ́, AC tó bá wà nínú atẹ́gùn yẹn á fa omi inú ẹ̀ kúrò, á tún yá sí i. Nítorí náà kì í ṣe fáàrí rárá, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Bùlówà náà ní nọ́ńbà mẹ́rin. 1 ló kọ́kọ́ kú, nígbà tó yá 2 àti 3 jọ kú lẹ́ẹ̀kan náà, ó wá ku 4 tó ń pariwo débi pé èèyàn ò lè gbọ́ fóònù nínú mọ́tò. Lẹ́yìn ìyẹn 4 náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, tẹ́ ẹ bá fi ẹsẹ̀ ta abẹ́ píjìnhóòlù (àpótí kékeré inú dáṣíbọ́ọ̀dù) á dìde, tó bá tún wọ kòtò á dákẹ́. Òórùn rọ́bà tó ń jó wá ń jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ẹni tó kọ́kọ́ wò ó, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ní gáàsì ló tán. Ó rọ gáàsì. Kò yí nǹkan kan padà. Ó ní mọ́tò bùlówà ni, a ra tòkunbọ̀, ó ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ lórí 4 nìkan. Ó ní rẹsísítọ̀ ni, ìyẹn ohun tó ń dín iná kù fún bùlówà, a ra tuntun, 1 sí 3 padà wá, inú mi dùn, kò pẹ́ náà ló tún jó. Ó wá ra òmíì, ó fi wáyà so ó kọ́ síta lẹ́yìn píjìnhóòlù, ó ní kó lè máa rí atẹ́gùn dáadáa, ìyẹn náà jó, nígbà tó wá sú u, ó ní kóun ṣe é ní dáírẹ́ẹ̀tì, kóun fa wáyà kan látinú bátìrì wá sínú mọ́tò bùlówà, kóun fi ṣúìṣì ilé sí i. Ibẹ̀ ni mo ti gbé mọ́tò mi kúrò. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, gbogbo nǹkan tá a ń rà wọ̀nyẹn, làpálàpá là ń pa.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ràn lọ́dọ̀ ríwáyà Òkè-Baálẹ̀ yìí ni pé kò fọwọ́ kan nǹkan kan títí tó fi béèrè ọ̀rọ̀ tán. Ó ní "Ìyá Ẹlẹ́yin, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ńbà wo ló kọ́kọ́ kú?" Mo ní 1 ni. "Èyí tó kù ńkọ́, ṣé ẹyọ ẹyọ ni wọ́n kú àbí wọ́n jọ kú?" Mo sọ fún un. "Ẹ máa ń gbóòórùn nǹkan tó ń jó?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá. Ó mi orí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í là mí lọ́yẹ̀, ó sì là á débi tó yé mi, èmi tí mi ò kọ́ iṣẹ́ ríwáyà.

Ó ní nínú irú mọ́tò yìí, nọ́ńbà 4 kì í gba inú rẹsísítọ̀ kọjá rárá, iná ń lọ tààrà ni. 1, 2 àti 3 ló ń gba ibẹ̀, wáyà tó ká jọ tó wà lára rẹsísítọ̀ ló ń dín iná kù kí bùlówà má bàa sáré jù. Nítorí náà tó bá jẹ́ pé 4 nìkan ló kù, rẹsísítọ̀ tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lèèyàn á kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà kan péré ló kú láàárín àwọn mẹ́ta yẹn, ojú kan ló já lára ẹ̀, tàbí ẹnu ṣúìṣì fún nọ́ńbà yẹn. Tí gbogbo ẹ̀ bá kú pátá, fíúsì, rìléè, áàtì (ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì), ṣúìṣì tàbí mọ́tò bùlówà fúnra ẹ̀ ni. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ gbá a kó tó dìde, kábọ́ọ̀nù inú mọ́tò bùlówà ti jẹ tán nìyẹn, tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ló ti dẹ̀. Tèmi ní nínú gbogbo ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi gba kíá.

Ọ̀gá wá tan ẹ́ńjìnì, ó gbé mítà jáde. Ojú bátìrì, 13.9 fóòtì (volt). Ó gba abẹ́ píjìnhóòlù wọlé, ó fi ẹnu mítà gún ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́tò bùlówà láì yọ ọ́, lójú ibi tí iná ti ń wọlé, 13.6. Ó ní ibí ò ní wàhálà, fíúsì àti rìléè ń ṣiṣẹ́ wọn. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, àmọ́ ó gbé ẹnu mítà kan sójú wáyà tó ń jáde látinú mọ́tò bùlówà, ó fi èkejì sí orí nẹ́gétíìfù bátìrì, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ tẹ 4. Mítà kọ 3.8. Ó pè mí kí n wá wò ó fúnra mi. Ó ní tó bá jẹ́ pé ọ̀nà áàtì dáa, ibẹ̀ ò gbọdọ̀ tó fóòtì kan, pé 3.8 tẹ́ ẹ rí yìí, iná tó ti sọnù lọ́nà ni, bùlówà ò rí i lò, ibì kan ló ti ń di ooru. Ó ní tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ pẹ̀lú bíi áḿpíà 15 tó ń kọjá, ó lé ní wáàtì 55, bẹ́ẹ̀ ayọ́n tóun fi ń jó léèdì, wáàtì 60 ni. Pé ẹ gbé ayọ́n léèdì sínú dáṣíbọ́ọ̀dù yín, ẹ tàn án, ẹ wá ń wa mọ́tò lọ. Ara mi bù máṣọ.

Ó tú ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fa ṣúìṣì bùlówà jáde, òótọ́ ló wà níbẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn ṣúìṣì, píìnì méjì ti di búráùn, ọ̀kan nínú wọn ti yọ́ wọ inú rọ́bà, wáyà áàtì tó jẹ́ funfun-dúdú ti le gbagidi bíi sẹ̀ǹtímítà mélòó kan látibi tó ti wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ara ẹ̀ á máa sán. Ti rẹsísítọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Mo béèrè pé kí ló dé tí fíúsì ò jó nígbà tí ibí yìí ti ń jó. Ó ní fíúsì bùlówà yìí 40 ni, ohun tó ń kọjá ò tó 40, fíúsì ò mọ̀ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ti fẹ́ tú, iye tó ń kọjá nìkan ló mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, pé fíúsì ò jó kò ní kí wáyà má jó.

Ó gé ibi tó ti le kúrò títí tó fi kan bàbà tó ṣì pupa, ó wá sọ́kẹ́ẹ̀tì míì lára àwọn tòkunbọ̀ tó wà nínú garawa ẹ̀, ó fi léèdì jó o, ó fi rọ́bà tó máa ń sún kì bò ó, kì í ṣe téèpù tó máa ń yọ́ nínú oòrùn. Nígbà tó tún wọn áàtì, ó ti bọ́ sí 0.2. Bùlówà fẹ́ gan-an. Ká ní ẹlòmíì ni, ó ti gbowó nìyẹn. Àmọ́ Ọ̀gá ní "Mọ́mì, ẹ ní sùúrù, ohun tó jó o la fẹ́ mọ̀."

Ó gbé mítà míì tó máa ń gbá wáyà mú láti ìta, ó fi há wáyà bùlówà. 22 áḿpíà lórí nọ́ńbà 4. Ó lọ gbé mọ́tò bùlówà kan wá láti ṣọ́ọ̀bù, èyí tó mọ̀ pé ó dáa, ó so ó mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, 14. Ó wá yọ mọ́tò bùlówà tòkunbọ̀ tá a rà lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi ọwọ́ yí abẹ́bẹ̀ ẹ̀. Mo yí i, ó dúró lójú ẹsẹ̀, èèyàn á mọ̀ pé nǹkan ń dì í mú nínú. Ó gbé tiẹ̀ fún mi, mo yí i, ó ń yí lọ, ó rọra dúró. Búṣì ti gbẹ nínú tèmi, abẹ́bẹ̀ wúwo fún un, ó wá ń fa iná ju bó ṣe yẹ, iná àfàjù yẹn ló ń pa rẹsísítọ̀ lẹ́yìn rẹsísítọ̀ tó sì jó sọ́kẹ́ẹ̀tì. Tá a bá pa á dé bó ṣe wà, rẹsísítọ̀ tuntun náà á tún jó, ló bá fi mọ́tò bùlówà tuntun sí i. Èmi ò rí ẹni tó ṣe irú àlàyé yìí fún mi rí, tó tún jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi yí i.

Inú abẹ́bẹ̀ ẹ̀ gan-an tún kún fún pàǹtí. Abẹ́ igi máńgòrò ni mọ́tò náà máa ń sùn, ewé ń gba ihò abẹ́ wáípà wọlé, Hilux àtijọ́ yìí ò sì ní fíltà tó máa gbà á dúró bíi ti mọ́tò ìsinsìnyí. Ọ̀pá ewé, eruku, àti páálí kíréètì ẹyin tí eku ti gé wẹ́wẹ́ fi tẹ́ ibùsùn. Wọ́n fi kọ̀mpírésọ̀ fẹ́ gbogbo ẹ̀ kúrò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé mọ́tò sábẹ́ igi, ẹ máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ sì máa kó ewé kúrò nísàlẹ̀ wáípà.

Rẹsísítọ̀ tí wọ́n so kọ́ síta, ṣe ni Ọ̀gá kígbe nígbà tó rí i. Ó ní iṣẹ́ rẹsísítọ̀ ni kó sọ iná di ooru, atẹ́gùn bùlówà ló sì ń tù ú nínú, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe mọ́tò fi ṣe ihò fún un lára ilé atẹ́gùn. Ẹni tó bá gbé e síta, ooru ẹ̀ á pọ̀ títí fíúsì kékeré tó wà lára ẹ̀ fi máa já, tí kò bá já, á máa jó wáyà tó bá fara kàn án. Ó dá tuntun padà sí ihò ẹ̀, ó fi sikúrúù méjì dè é. Ó sì tún sọ nípa dáírẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fẹ́ ṣe fún mi, pé wáyà tó ti bátìrì wá láìsí fíúsì, ọjọ́ tó bá bó tó sì kan irin, mọ́tò lè jó tán kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni o, bó ti wù kí ojú ń kán yín.

Ó wá ku pé AC ń fẹ́ lọ́wọ́ọ́rọ́. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ rọ gáàsì fún mi gan-an nìyẹn. Ọ̀gá fọwọ́ kan páìpù rọ́bà méjèèjì tó wọ inú mọ́tò láti ẹ́ńjìnì lọ sí hítà, bẹ́ẹ̀ òtútù ni wọ́n yí ọwọ́ hítà sí, méjèèjì gbóná. Táàpù kékeré kan wà níbẹ̀ tó yẹ kó ti omi gbígbóná mọ́ta, kébù tó ń fà á ti yọ kúrò lẹ́nu ìkọ́ ẹ̀, táàpù wà ní ṣíṣí tọ̀sán-tòru. Omi ẹ́ńjìnì ń gbóná nínú hítà, AC ń tu atẹ́gùn, hítà tún ń sè é padà. Ó kọ́ kébù náà padà, kò gbowó ẹ̀ lọ́tọ̀. Oníṣẹ́ AC tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ fi géèjì wò ó, ó ní gáàsì pé. Òun ló ṣàlàyé pé gáàsì AC kì í tán bí epo, inú páìpù tó dé ló ti ń yípo, tó bá dín kù ó ń jò níbì kan ni, ẹni tó bá ń rọ ọ́ láì wá ojú ibi tó ń jò, owó yín ló ń rọ dànù.

Mo ní kí wọ́n kúkú gé hítà náà kúrò, kí wọ́n so páìpù méjèèjì pọ̀ bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe. Ọ̀gá ní tí kò bá jò, ká fi sílẹ̀. Pé kápẹ́ẹ̀tì tó bá tutù lọ́dọ̀ ẹni tó jókòó síwájú, òórùn tó dùn díẹ̀, àti ọ̀rá tó ń bo gíláàsì lèèyàn fi ń mọ̀ pé hítà ń jò, kò sì sí ọ̀kankan níbẹ̀. Ó tún ní tí ẹ́ńjìnì bá fẹ́ gbóná jù lórí òkè, kéèyàn pa AC, kó ṣí hítà àti bùlówà dé ìpẹ̀kun, á fa díẹ̀ nínú ooru kúrò lára ẹ́ńjìnì títí ẹ ó fi ríbi dúró sí. Ooru á bo yín o, àmọ́ orí ẹ́ńjìnì á lè yè é.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tó kù sí. Èrò pọ̀ níbẹ̀, kò sí ibi gidi tí kọ́sítọ́mà lè jókòó sí, bẹ́ńṣì kan ló wà, oòrùn sì ń bá a látọ̀sán lọ. Ọ̀gá kì í gbé fóònù tó bá ti wà nídìí iṣẹ́. Á máa fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ lọ dá kórópẹ̀ lóhùn torí àwọn yẹn ní àwọn fẹ́ lọ gbé èrò, èyí bí mi nínú, mo sì sọ fún un. Ọjọ́ Jímọ̀ wọ́n máa ń tètè ṣíwọ́. Nínú oṣù August nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ẹ má gba apá Ọjà Ọba lọ síbẹ̀ rárá, súnkẹrẹ fàkẹrẹ á gba gbogbo ọjọ́ yín. Kì í kọ rìsíìtì, ẹ̀rí tẹ́ ẹ ní ò ju ẹnu ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbé mọ́tò bùlówà tuntun náà fún mi pé tó bá ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta kí n dá a padà. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ò rí sikúrúù kan dá padà sí píjìnhóòlù, ó ń dún gbàgà gbàgà tí mo bá wọ kòtò.

Owó ẹ̀ ò pọ́ọ́kú. Ó ń gba owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀ kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́, ohun tó ń lé àwọn míì sá nìyẹn, àmọ́ tí mo bá kó owó gáàsì, owó mọ́tò tòkunbọ̀ àti ti àwọn rẹsísítọ̀ tó jó sílẹ̀, àyẹ̀wò àti iṣẹ́ ẹ̀ pa pọ̀ ò tó ìdajì ẹ̀. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ iye tẹ́lẹ̀, kì í bínú sí ìdúnàádúrà, ẹ sì ní kó fi gbogbo ohun tó bá yọ hàn yín. Ẹ lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú.

Látìgbà náà 1 dé 4 ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn ṣúìṣì ò gbóná mọ́ tí mo bá fọwọ́ kàn án, òjò sì ti rọ̀ lé wa lórí lọ́nà Ìkìrun, gíláàsì mọ́ kedere. Gílóòbù kékeré tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú nọ́ńbà náà ṣì kú, Ọ̀gá ní irú ẹ̀ ò sí lọ́wọ́ òun, kí n padà wá gbà á tí wọ́n bá ti tú Hilux kan tó wà ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, kí n sì rán òun létí sikúrúù píjìnhóòlù yẹn.